Àkíyèsí Màmá Kò Ní Bá Pàǹtírí Lọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé 2025

Gúnrégé ti pàṣẹ. Gbogbo kóòdù ọ́fíìsì wa gbọ́dọ̀ di mímọ́ kí Èrèlé tó parí. Kí ìlà gbogbo bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà, kí àwọn abala tò tẹ̀lé ara wọn ní a-b-d, kó lè ṣe é kó lọ sí Èkó. Èmi ni kí n kọ irinṣẹ́ tí yóò máa tún un ṣe fúnra rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, kò burú. Mo fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ irinṣẹ́ náà lórúkọ kí n tó kọ ìlà kan: Ìgbálẹ̀.

Ayọ̀túndé ni orúkọ Gúnrégé gan-an. Ọmọ Abẹ́òkúta. Ilé-iṣẹ́ Èkó tó ra ọ́fíìsì wa lọ́dún tó kọjá ló rán an wá láti jẹ́ ọ̀gá lé wa lórí. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í hunjọ. Bírò rẹ̀ pàápàá kì í dùbúlẹ̀ bó ṣe wù ú lórí tábìlì. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Gúnrégé.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó bí mi nínú. Ó ní kí Ìgbálẹ̀ kó gbogbo kọ́mẹ́ǹtì dànù. Kọ́mẹ́ǹtì — ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sáàárín kóòdù fún ènìyàn, tí kọ̀ǹpútà kì í wò. Ó ní Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, pé àwọn ará Èkó yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹni pé Faransé ni àwọn ará Èkó ń sọ fún ìyá wọn.

Màmá Ògúntúndé ló kọ èyí tó pọ̀ jù. Tíṣà físíìsì ni, lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ló dá ọ́fíìsì yìí sílẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ nílùú Adó, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Òun ló kọ kóòdù tó ń darí ẹ̀rọ tó ń mú ìrẹsì gbẹ fún àwọn ẹgbẹ́ onírẹsì ní Igbemo, gbogbo ohun tó sì mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà, inú kọ́mẹ́ǹtì ló kọ ọ́ sí. Kì í pè é ní kọ́mẹ́ǹtì. Àkíyèsí ló ń pè é, bíi ti ìwé ilé-ẹ̀kọ́.

Mo bi Gúnrégé pé bí a bá kó àkíyèsí dànù, ta ni yóò mọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí? Ó ní kóòdù tó dára kì í nílò àlàyé. Mo ní ó dáa, sà. Kò dáa.

Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé

Igi, igi, igi. Orí mi ti di oko.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé

Kí n kọ ọ́ síbí kó lè yé èmi náà. Ìgbálẹ̀ kì í tún kóòdù ṣe lójú ibi tó wà. Ó máa kọ́kọ́ kà á, ó máa fi ohun tó kà kọ́ igi kan: abala di ẹ̀ka, ìlà di ewé. Lẹ́yìn náà ó pa kóòdù àtijọ́ tì, ó wo igi yẹn, ó sì kọ kóòdù tuntun láti orí rẹ̀. Ohun tí kò bá sí lórí igi kò ní sí nínú kóòdù tuntun. Àkíyèsí kò ní ẹ̀ka. Àlàfo tí a fi sílẹ̀ láàárín ìlà kò ní ẹ̀ka. Wọ́n ń jábọ́ lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ ìró wọn.

Mo gbá kóòdù Igbemo lónìí láti fi dán an wò. Ó jáde, ó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Kò sí àkíyèsí Màmá kan níbẹ̀ mọ́. "Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ti gbẹ tẹ́lẹ̀, ẹ dín iná kù" — ó ti lọ. "Ìyá Ìbùkún ní bí ìrẹsì bá ń dún ṣáṣá nínú páànù, ó ti gbẹ jù" — ó ti lọ. Mo yára lọ wo ẹ̀dà àtijọ́ bóyá ó ṣì wà. Ó wà.

Gúnrégé yọjú láti ẹ̀yìn mi. Ó ní ehn, ohun tí òun ń wí gan-an nìyí. Mo ní iṣẹ́ kò tíì parí. Ó ní ó ti parí. Mo ní kò tíì parí, sà. Jùwọ́n tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹjú mọ́ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwa méjì péré ló kù nínú àwọn tí Màmá gbà síṣẹ́, Jùwọ́n kì í sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Gúnrégé ní, "Ẹ̀yin ará Èkìtì, orí yín le bí òkè yín." Ó rò pé òun bú mi. Àwọn òkè náà ṣì wà níbi tí a bá wọn.

Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé

Mo fọ aṣọ. Mo se ẹ̀wà. Ẹ̀wà jóná nítorí pé mo ń ro ibi tí ènìyàn lè so àkíyèsí mọ́ lórí igi tí kò ní ẹ̀ka fún un. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10 Èrèlé

Mo ti rí i.

Kò sídìí láti wá ẹ̀ka fún àkíyèsí. Kí abala tó tẹ̀lé e pọ̀n ọ́n. Ibi tí abala náà bá ń lọ, àkíyèsí ń bá a lọ, bí a bá sì ń kọ kóòdù tuntun, a ó sọ àkíyèsí kalẹ̀ sórí abala tó pọ̀n ọ́n wá. Gbogbo irinṣẹ́ tí mo kà nípa wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn: àlàyé ṣáájú, ohun tí a ń ṣàlàyé tẹ̀lé e.

Mo ṣe é. Mo mú iye àkíyèsí tó wọlé, mo mú iye tó jáde, mo fi wéra. Dọ́gba. Ọ̀kan kò sọnù. Mo dìde lórí àga, mo jó díẹ̀. Jùwọ́n rí mi. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnikẹ́ni kò ní kí n ṣe é. Wọ́n ní kí n má ṣe é ni. Mo ṣe é.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé

Mo ti múra ìjà sílẹ̀, Gúnrégé kò jà. Ó wo kóòdù Igbemo tuntun, ó wo àkíyèsí tó jókòó jẹ́jẹ́ sórí abala kọ̀ọ̀kan, ó mi orí. Ó ní bí wọ́n bá máa wà, kí wọ́n wúlò nígbà náà. Pé òun fúnra òun yóò kà wọ́n, òun yóò sì ṣe ohun tí wọ́n bá ní ká ṣe. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Dùnmínínú, bí wọ́n bá fa wàhálà kan ṣoṣo, gbogbo wọn ń lọ." Mo ní mo gbà. Mo yára gbà, bí ẹni tó ti borí.

Inú mi dùn débi pé mo ra mọ́ínmọ́ín fún Jùwọ́n.

Ẹtì, 14 Èrèlé

Kóòdù tuntun ti dé orí ẹ̀rọ Igbemo. Gúnrégé ló gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ó ní òun tún yọ ohun kan tí kò wúlò kúrò níbẹ̀. Ó dáa.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé

Kò dáa rárá.

Ìyá Ìbùkún pè mí láàárọ̀ kí n tó kúrò nílé. Òun ló ń bójú tó ilé ìrẹsì àwọn ẹgbẹ́ náà ní Igbemo, kì í sì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi mí pé, "Dùnmí, kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ wa? Ùrẹsì wa ti fọ́." Gbogbo èyí tí wọ́n gbẹ láti Àbámẹ́ta, bí wọ́n ṣe kó o sínú ẹ̀rọ tó ń bó èèpo, wẹ́wẹ́ ló ń jáde. Bíi gààrí. Ìrẹsì tí àwọn ènìyàn fi gbogbo ìgbà òjò tó kọjá ṣe wàhálà lé lórí.

Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Ìrẹsì bíbọ̀, èèyàn kì í gbẹ ẹ́ léraléra láìdánu dúró. A ń fi iná sí i, a ń pa iná, a ń jẹ́ kó sinmi kí omi tó wà nínú hóró lè wá síta, kí a tó tún dáná. Bí kò bá sinmi, ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á tutù, á sán. Nínú kóòdù Màmá, abala kan wà fún èyí. Ìsinmi ló ń jẹ́.

Mo sáré dé ọ́fíìsì. Abala Ìsinmi kò sí.

Gúnrégé kò sá fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lòun yọ ọ́, òun sì yọ ibi tí wọ́n ti ń pè é. Ó ṣí ẹ̀dà tó ti ọwọ́ mi jáde ní Ọjọ́rú, ó fi hàn mí. Lórí Ìsinmi gan-an, ọ̀rọ̀ Màmá: "Èyí kò wúlò mọ́. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń wọn ọ̀rinrin la ṣe é fún. Ẹ lè yọ ọ́." Ó ní, "Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀?"

Èmi ni mo gbé e síbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé

Íméèlì Gúnrégé ti dé, ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Èkó. Kí gbogbo kọ́mẹ́ǹtì kúrò nínú gbogbo kóòdù ní Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ni a ó kó gbogbo rẹ̀ fún Èkó, wọn yóò sì pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́. Kò sí àwíjàre. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kọ́mẹ́ǹtì tó ń parọ́ burú ju kí ó má sí lọ.

Òótọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Mo fẹ́ bú u, òótọ́ ló sọ.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo padà wo ẹ̀yìn. Mo gbé kóòdù àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú àtijọ́, abala tó ń ka ẹ̀rọ ọ̀rinrin wà lókè. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ típẹ́típẹ́, "Èyí kò wúlò mọ́." Lẹ́yìn náà, àlàfo. Lẹ́yìn àlàfo, Ìsinmi.

Abẹ́. Màmá kì í kọ àkíyèsí sórí iṣẹ́. Abẹ́ iṣẹ́ ló ń kọ ọ́ sí. Tíṣà ni. Ọmọ á ṣe iṣẹ́, tíṣà á fa ìlà, á kọ àkíyèsí sísàlẹ̀: "O gbìyànjú", "Tún un ṣe", "Wá rí mi". Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń kọ tèmi láti ọdún tí mo ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára débi pé n kò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Nígbà tí mo wá kọ Ìgbálẹ̀, mo lọ ṣe bí àwọn tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń fi àlàyé ṣáájú. Mo gba àkíyèsí lẹ́yìn ìyá rẹ̀, mo gbé e fún ẹlòmíràn pọ̀n. Kì í ṣe èyí nìkan. Gbogbo wọn ni. Kò sí ẹyọ kan tó sọnù, kò sì sí ẹyọ kan tó wà nípò rẹ̀.

Mo mú iye wọn. Mi ò wo ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé

Mo lọ sọ́dọ̀ Màmá ní Òkè-Ìlá lẹ́yìn iṣẹ́. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí Ìgbálẹ̀ dé orí ìrẹsì. Mo rò pé yóò bá mi bínú sí Gúnrégé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé ṣé mo ti lọ bẹ Ìyá Ìbùkún. Mo ní rárá. Ó ní, "Ùwọ náà. Ulé mi lo kọ́kọ́ wá."

Mo bi í ìdí tó fi ń kọ ọ́ sábẹ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní, "Uṣẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ rí. Ṣé kí n máa ṣe àkíyèsí lórí uṣẹ́ tí ẹnì kan kò tíì ṣe ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní wọ́n fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó ní bí kò bá sí ẹni tó ń kà á, kí wọ́n pa á rẹ́, òun kò kọ ọ́ fún ọ̀ṣọ́. Inú bí mi. Mo gbójú sókè, mo ní, "Èmi ń kà á, Màmá." Ó ní, "Ìgbà wo lo kà á kẹ́yìn?"

Ó bu oúnjẹ fún mi, kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Mo jẹun tán, mo fọ abọ́, mo dágbére. Láti ibẹ̀ dé ilé ni mò ń bá a jà nínú ọkàn mi, òun ló ń borí.

Ẹtì, 21 Èrèlé

Mo kà wọ́n. Gbogbo wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò ṣe iṣẹ́ mìíràn lónìí, Gúnrégé sì rí i pé n kò ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé

Mi ò lè sọ fún Ìgbálẹ̀ pé abẹ́ ni gbogbo àkíyèsí ń gbé. Jùwọ́n máa ń kọ tirẹ̀ sórí iṣẹ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́ ọ. Èyí tí Gúnrégé kọ — wọn kò pọ̀ — orí náà ni. Ṣùgbọ́n àlàfo ń sọ̀rọ̀. Màmá ń fi àkíyèsí mọ́ ìdí iṣẹ́, á wá fi àlàfo sílẹ̀. Jùwọ́n ń fi àlàfo sílẹ̀, á wá fi àkíyèsí mọ́ orí iṣẹ́. Ẹni tí àkíyèsí bá fara kàn ni ó ni ín. Èmi ni mo sì ń ju àlàfo nù kí n tó wò ó, nítorí pé kò lẹ́ka lórí igi.

Mo ti tún un ṣe. Ìgbálẹ̀ ń wo àlàfo báyìí kó tó fọwọ́ kan nǹkankan. Bí àkíyèsí bá fara kan méjì, tàbí tí kò fara kan ẹnikẹ́ni, kò ní méfò. Ó máa dúró, ó máa béèrè lọ́wọ́ ènìyàn: ta ló ni èyí? Yóò sì dúró síbẹ̀ títí a ó fi dá a lóhùn.

Mo gbá kóòdù Igbemo. Mo ka èyí tó jáde, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. "Èyí kò wúlò mọ́" ti padà sábẹ́ ẹ̀rọ ọ̀rinrin. Lábẹ́ Ìsinmi, ohun tí Màmá kọ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: "Ẹ má kánjú níbí. Mo kánjú lẹ́ẹ̀kan, mo rí i."

Ìṣẹ́gun, 25 Èrèlé

Mo gbé e lọ bá Gúnrégé. Kò wò ó. Ó ní irinṣẹ́ tó ń dúró béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn kì í ṣe irinṣẹ́, òṣìṣẹ́ tuntun ni, òun kò sì gba òṣìṣẹ́. Ó ní àṣẹ ti jáde. Ohun tí òun ń fẹ́ ni kí n fi ọ̀nà kan sí Ìgbálẹ̀ tí yóò máa kó kọ́mẹ́ǹtì dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Mo ní mi ò ní kọ ọ́.

Ó ní, "O kò ní kọ ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ní àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀, tèmi ni, mo ti gbà, mo ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ́ ni wọn yóò fi pa ọ̀rọ̀ Màmá rẹ́. Kí wọ́n lé mi bí wọ́n bá fẹ́ lé mi.

Ó yíjú sí Jùwọ́n, ó ní kí Jùwọ́n kọ ọ́ kó tó di Ẹtì. Jùwọ́n mi orí pé òun ti gbọ́. Ó bí mi nínú ju ti Gúnrégé lọ. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí tí a fi ṣíwọ́. Kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, kí kálukú máa ṣọdẹ tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé

Igbemo. Gúnrégé ló wa ọkọ̀, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a kò sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ lójú ọ̀nà. A lọ dá abala Ìsinmi padà sínú ẹ̀rọ, a sì lọ bẹ̀bẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Ìbùkún. Ó ní kí n dìde, ó fún wa lómi. Gúnrégé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, òyìnbó pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Ìbùkún gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ fi yọ ọ́?" Gúnrégé ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a yọ ọ́. Ìyá Ìbùkún ní, "Ẹni tó kọ ọ́ wà láyé. Ulé rẹ̀ wà ní Òkè-Ìlá, kò jìnnà sí yín. Ṣé ẹ bi í?"

Gúnrégé wò mí, bóyá kí n bá a sọ nǹkan. Èmi náà kò bi Màmá kí n tó kọ Ìgbálẹ̀. Gúnrégé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì tó kún fún èèpo ìrẹsì. Èèpo lẹ̀ mọ́ gbogbo àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kó dìde, pé ó tó.

A dúró títí wọ́n fi gbẹ díẹ̀. Ẹ̀rọ dáná, ó pa á, ó sinmi, ó tún dáná. Ìrẹsì jáde nínú ẹ̀rọ ìbó, hóró gbọọrọgbọọrọ. Ìyá Ìbùkún bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi han Gúnrégé.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ọ̀la kò yí padà o, pé Èkó ló ni àṣẹ. Mo ní ọ̀rọ̀ tèmi náà kò yí padà.

Ẹtì, 28 Èrèlé

Mo ti kó ife mi àti síwẹ́tà mi sínú báàgì láti àárọ̀. Bí wọ́n bá lé mi, n kò fẹ́ máa ṣa ẹrù lójú ènìyàn.

Ọ̀sán. Gúnrégé ní kí Jùwọ́n gbé e jáde. Jùwọ́n dìde dúró. Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò kọ ọ́." Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Gúnrégé ní kí ló dé. Jùwọ́n ní òun ti bẹ̀rẹ̀, òun fẹ́ fi abala tí òun kọ́kọ́ kọ nígbà tí òun dé ọ́fíìsì yìí dán an wò, òun wá rí i pé Màmá kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọdún tí òun ti wà níbí, òun kò kà á rí. Ó kà á fún wa: "Jùwọ́n ló ṣe èyí. Iṣẹ́ tó dára ni. Dùnmí, má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ á wú."

Ó jókòó. Ó ní òun kò lè pa á rẹ́, kí wọ́n má bínú. Jùwọ́n tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ti fìyà jẹ ẹ́ nínú ọkàn mi fún ọjọ́ mẹ́ta lásán.

Gúnrégé ní ó dáa, òun yóò fọwọ́ ara òun pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fa àga mi, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, ó ṣí kóòdù Igbemo. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ pa àkíyèsí rẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó gbọ́dọ̀ kà á. Ó fi ìka lé kọ́kọ́rọ́ ìpàrẹ́, ó ń ka ti àkọ́kọ́, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á tán, ó sún lọ sí ìkejì. Ó bi mí pé kí ni "ìrẹsì ń dún ṣáṣá". Mo ṣàlàyé fún un. Ó tún sún lọ. Nígbà kan ó rẹ́rìn-ín nínú imú, n kò mọ èyí tó pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé abẹ́ Ìsinmi, ó dúró síbẹ̀ pẹ́. "Mo kánjú lẹ́ẹ̀kan, mo rí i." Kò sún síwájú mọ́.

Jùwọ́n lọ sílé. Ilẹ̀ ń ṣú. Mo ní mò ń lọ, sà. Kò yíjú padà. Ó ní, "Ẹ bá mi tan iná, ẹ jọ̀ọ́." Láti ìgbà tó ti dé Adó, kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo tan iná, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì níṣẹ́, mo kàn lọ. Gúnrégé wà nídìí tábìlì rẹ̀. Ó kí mi, mo kí i. Ó ní òun ti fi gbogbo kóòdù ránṣẹ́ sí Èkó ní Àbámẹ́ta, pé Ìgbálẹ̀ ni òun fi gbá a, èyí tó ń béèrè ìbéèrè. Ó ní ó bi òun ní ìbéèrè mẹ́rin, òun sì pe Màmá Ògúntúndé lórí fóònù fún mẹ́ta nínú wọn tí òun kò mọ̀. Mo ní Èkó ńkọ́? Ó ní wọ́n ti ń pè láti àárọ̀, òun kò tíì gbé e.

Mo jókòó, mo ṣí ẹ̀dà tó fi ránṣẹ́. Mo kà á láti òkè. Gbogbo àkíyèsí Màmá wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ní abẹ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá, òmíràn wà tí n kò rí rí:

"Èmi Ayọ̀túndé ni mo yọ abala yìí nínú Èrèlé, n kò bi ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì àwọn ará Igbemo fọ́. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ tàbí tó fẹ́ pa ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ rẹ́, kó kọ́kọ́ wá dúró níwájú mi."

Fóònù rẹ̀ tún ń dún báyìí. Jùwọ́n ń wò mí, èmi ń wo Ayọ̀túndé. Ó ti nawọ́ gbé e.